Báwo ni oníṣẹ́ ọgbà ṣe lè mọ̀ bóyá ìmúnilẹ́rú wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ àti nínú ọjà tí ó ń rà?

Olùtọ́jú-Ọgbà béèrè:

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ọgbà, mo kí yín. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń darí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó ń tọ́jú ọgbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti fún àwọn onílé. À ń gé koríko, à ń tọ́jú òdòdó àti igi, à ń tẹ́ òkúta sí ojú ọ̀nà inú ọgbà, a sì ń ta irúgbìn àti ohun èlò díẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ni ó wà lábẹ́ mi ní tààrà. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju agbára wa lọ, mo máa ń gba àfikún ọwọ́ lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan tí ó máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ wá.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa tí ó tóbi jù lọ fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Ó fẹ́ kí n kọ ohun tí à ń ṣe láti rí i dájú pé kò sí ìmúnilẹ́rú òde òní nínú iṣẹ́ wa àti lọ́dọ̀ àwọn tí ń pèsè ọjà fún wa. Inú bí mi díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ránṣọ àti àwọn tí ń wa kùsà ni, pé kò kan ẹni tí ń gé koríko. Ó kù díẹ̀ kí n kọ "kò sí" sí iwájú gbogbo ìbéèrè náà kí n sì dá a padà.

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó dá mi dúró. Agbaṣẹ́ṣe tí mo sọ yìí kó ọkùnrin mẹ́fà wá láti bá wa gbẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n sì tẹ́ òkúta. Mo ń pín ìbọ̀wọ́, mo sì bi ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ rẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ojú awakọ̀ ni ó kọ́kọ́ wò, awakọ̀ náà ni ó sì bá a dárúkọ. Nígbà tí oòrùn mú, tí àwọn òṣìṣẹ́ tèmi lọ sí abẹ́ igi láti sinmi, kò sí ẹni tí ó jókòó nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bàtà ẹnìkan ti ya débi pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn síta, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni ó sì fi ń ti ṣọ́bìrì wọlẹ̀. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo yẹ ìwé wò, mo wá rí i pé àkáǹtì kan ṣoṣo ni mo ti ń san owó gbogbo wọn sí láti ìgbà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, àti pé n kò ní orúkọ ẹyọ ẹnìkan nínú wọn ní àkọsílẹ̀.

N kò mọ̀ bóyá ohun tí mo rí jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. Ó lè jẹ́ ìtìjú, ó sì lè jẹ́ pé èdè ni kò yé e. Ṣùgbọ́n ojú tí ó fi wo awakọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ yín, kí ni kí n ṣe nípa àwọn ọkùnrin wọ̀nyí? Báwo ni ilé-iṣẹ́ kékeré bíi tèmi ṣe lè mọ ipò àwọn tí ó ṣe òkúta, ìbọ̀wọ́, bíríkì àti èédú tí mo ń rà? Kí sì ni kí n kọ fún oníbàárà náà tí kò ní jẹ́ irọ́?

Alábòójútó-Iṣẹ́ fèsì:

Ẹ ṣeun tí ẹ kò dá ìwé náà padà bẹ́ẹ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àyẹ̀wò ipò àwọn òṣìṣẹ́ ní oko òdòdó àti oko ẹ̀fọ́, n kò sì rò pé ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jẹ́ ohun tí ènìyàn lè gbójú fò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò gbọdọ̀ pẹ́. Ẹ má bi àwọn ọkùnrin náà ní ìbéèrè kankan lójú awakọ̀, ẹ má sì pe agbaṣẹ́ṣe náà sí kọ̀rọ̀ láti bá a wíjọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ipá ni ó fi ń mú wọn ṣiṣẹ́, tí ó sì fura pé ẹ ti mọ̀, ó lè kó wọn lọ sí ibòmíràn ní òru ọjọ́ náà, orí wọn àti orí àwọn ẹbí tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé ni ìbínú rẹ̀ yóò sì dà lé. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, nọ́ńbà ọkọ̀, ohun tí a sọ àti ẹni tí ó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pe ọlọ́pàá tàbí àjọ tí ìjọba yàn láti gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò ní orílẹ̀-èdè tí ẹ wà. Ẹ má dúró de ẹ̀rí kí ẹ tó pè wọ́n, nítorí iṣẹ́ tiwọn ni láti wá ẹ̀rí. Kí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, láìbù mọ́ ọn, láìyọ nínú rẹ̀, ìyẹn ti tó.

Ní ti bóyá ó jẹ́ àmì tàbí kò jẹ́, Àjọ ILO tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé ti ṣe àkójọ àmì mọ́kànlá tí a fi ń dá iṣẹ́ àfipáṣe mọ̀. Lára wọn ni ẹ̀tàn, dídènà ìrìn ẹni, yíya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn ẹlòmíràn, ìhalẹ̀, gbígba ìwé ìrìnnà tàbí ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, dídá owó iṣẹ́ dúró, fífi gbèsè de ènìyàn mọ́lẹ̀, àti iṣẹ́ àṣekún tí ó kọjá ààlà. Àmì kan ṣoṣo lè má jámọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá pàdé lára ènìyàn kan náà ni kí ara má ṣe rọ ẹni mọ́. Ẹ ti rí i pé ẹlòmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀ fún ọkùnrin yẹn, pé wọn kò láyà láti sinmi, pé ẹni tí ó kó wọn wá kò fún wọn ní ohun ààbò, àti pé ọwọ́ ẹnìkan ni owó gbogbo wọn ń gbà kọjá.

Ẹlòmíràn yóò sọ fún yín pé wọ́n fúnra wọn ni wọ́n gbà láti wá. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn agbaṣẹ́ṣe ju bí mo ti lè kà á lọ. Àdéhùn ILO ti ọdún 1930 pe iṣẹ́ àfipáṣe ní iṣẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ ènìyàn lábẹ́ ìhalẹ̀ ìjìyà, tí ẹni náà kò fínnú-fíndọ̀ ṣe. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2000 lórí kíkó ènìyàn ṣòwò sì sọ ọ́ gbangba pé bí a bá lo ẹ̀tàn tàbí ipá, "mo gbà" tí ẹni tí a kó náà sọ kò lè dá ẹni tí ó kó o láre.

Gbèsè wà lára ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n ń lò lóde òní. Nínú ìròyìn tí ILO àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2022, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 27.6 ènìyàn ni ó wà nínú iṣẹ́ àfipáṣe ní ọdún 2021, ọ̀dọ̀ àwọn aládàáni ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìjọba. Bí ó ṣe máa ń rí ni pé ẹni tí ń báni wáṣẹ́ yóò gba owó ńlá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kí ó tó kúrò nílé, òṣìṣẹ́ yóò yá owó náà pẹ̀lú èlé, nígbà tí ó bá sì débẹ̀, wọn yóò tún ka owó ilé, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó irinṣẹ́ sí i lọ́rùn. Àwa Yorùbá kò ní ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe àlàyé èyí fún ara wa, nítorí a ní ọ̀rọ̀ náà lédè wa: ìwọ̀fà ni. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé nìkan ni ó ń dí, ojú owó wà níbi tí ó wà. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé iye owó tí a tìtorí rẹ̀ fi ìwọ̀fà ṣiṣẹ́ jẹ́ ohun tí tọ̀tún tòsì mọ̀, ti àwọn ọkùnrin wọ̀nyí a sì máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́ nínú ìwé tí wọn kò lè rí.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fi máa ń ṣáájú gbogbo ìbéèrè ni èyí: ta ni ó san owó tí òṣìṣẹ́ yìí fi rí iṣẹ́ yìí? Àdéhùn ILO ti ọdún 1997 lórí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ń báni wáṣẹ́ sọ pé wọn kò gbọdọ̀ gba owó yẹn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ ni kí ó san án.

Ohun kan tún wà tí ìwé ìbéèrè àwọn oníbàárà kì í sábà bèèrè, èmi sì kà á sí pàtàkì ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ. Ẹ mú iye tí agbaṣẹ́ṣe náà gbà lọ́wọ́ yín fún iṣẹ́ kan. Ẹ yọ owó epo ọkọ̀, owó irinṣẹ́ àti èrè tí ó bójú mu fún òun fúnra rẹ̀ kúrò. Ẹ wá pín èyí tí ó kù sí iye ènìyàn àti iye wákàtí tí wọ́n fi ṣe é. Bí ohun tí ó kàn ẹnìkọ̀ọ̀kan kò bá tó owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ tí òfin ibẹ̀ là sílẹ̀, a jẹ́ pé ẹnìkan ń fi ara rẹ̀ dí àlàfo náà fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi pé mo sọ ọ́ báyìí: owó pọ́ọ́kú tí inú wa máa ń dùn sí ni ìròyìn àkọ́kọ́ tí à ń rí gbà nípa ipò àwọn òṣìṣẹ́, a kì í kàn kà á ni.

Olókùúta fèsì:

Alábòójútó-Iṣẹ́ ti sọ ti àwọn ọkùnrin náà dáadáa. Ti ọjà ni èmi yóò sọ, nítorí mo ti ń ra òkúta fún àwọn oníṣẹ́ ọgbà láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ó sì dùn mí pé ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ kọjá láìsí pé mo bèèrè ibi tí òkúta náà ti wá ju orúkọ èbúté lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi òkúta. Púpọ̀ nínú òkúta pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ sí ọgbà káàkiri ayé ni ó ń wá láti Rajasthan ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ní àwọn ibi ìwakúta kan níbẹ̀, olówó a máa fún òṣìṣẹ́ ní owó ṣáájú iṣẹ́, bóyá fún ìgbéyàwó tàbí fún àìsàn, gbèsè náà yóò sì so ó mọ́ ibi ìwakúta yẹn. Eruku òkúta a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn tí a ń pè ní silicosis, kò sì gbóògùn. Nígbà tí bàbá kò bá lè gbé òòlù mọ́, ọmọ tàbí ìyàwó ni yóò gba ipò rẹ̀, nítorí pé gbèsè kò bá a ṣàìsàn. Íńdíà ti fi òfin de irú gbèsè yìí láti ọdún 1976, síbẹ̀ òfin kì í rìn dé gbogbo kòtò tí a ti ń wa òkúta. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni àwọn òkúta kéékèèké tí a fi ń to ojú ọ̀nà. Àjẹkù òkúta ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, ẹ̀bá ọ̀nà àti ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, ní àwọn ibi bíi Budhpura, a sì ti rí àwọn ọmọdé nídìí rẹ̀. Kò sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tí alábẹ̀wò lè gbà wọlé, nítorí kò sí ilé-iṣẹ́ rárá.

Ẹ bi ẹni tí ń tà á fún yín pé ibi ìwakúta wo gan-an ni ó ti wá, ta ni ó ni ín, ta ni ó gba àwọn òṣìṣẹ́ síbẹ̀, báwo ni a sì ṣe ń san owó wọn. Bí ó bá sọ pé òun kò mọ̀, èsì ni ìyẹn náà. Mo fún tèmi ní oṣù mẹ́fà láti lọ wádìí. Ẹnìkan nínú wọn mú orúkọ ibi ìwakúta mẹ́rin wá, ẹnìkejì bínú, mo sì mọ èyí tí mo bá lọ.

Lẹ́yìn òkúta, ìbọ̀wọ́ ni. Ní ọdún 2020, iléeṣẹ́ aṣọ́bodè Amẹ́ríkà dí ọ̀nà fún ìbọ̀wọ́ rọ́bà láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Malaysia nítorí iṣẹ́ àfipáṣe. Gbèsè owó ìwáṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wá láti àwọn orílẹ̀-èdè míràn wà lára ẹ̀sùn náà. Ilé-iṣẹ́ náà dá owó náà padà fún wọn, wọ́n sì ṣí ọ̀nà fún un ní ọdún 2021. Mo fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí nítorí pé ó fi hàn pé a lè dá owó padà, kì í ṣe pé kí a kàn kọ lẹ́tà àforíjì. Bí ìbọ̀wọ́ bá sì jẹ́ ti òwú, ẹ bèèrè ibi tí òwú náà ti wá: òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2021 ka gbogbo ọjà tí ó bá wá láti Xinjiang ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà sí èso iṣẹ́ àfipáṣe, àyàfi tí olówò bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bíríkì láti Íńdíà, Pakistan àti Nepal ní irú gbèsè ìdílé tí mo sọ nípa òkúta. Èédú ní ìtàn tirẹ̀ ní Brazil. Ẹ kò lè lé gbogbo rẹ̀ bá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Ibi tí owó yín ti ń jáde jù, tí ewu sì pọ̀ jù, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan tí ó kù ni pé kí ẹ má tètè já ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ìṣòro, tí ẹ sì sá lọ lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ìdílé tí gbèsè wà lọ́rùn wọn, gbèsè náà kò sì ní bá yín lọ. Ẹ dúró kí ẹ bá a tún un ṣe, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ń tà fún yín bá fẹ́ kí ó tún ṣe.

Mo-Ti-Débẹ̀-Rí fèsì:

Mo bọ̀wọ̀ fún Olókùúta, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó ti wà ní apá kejì.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń gbin òdòdó sínú ìkòkò fún títà. Mo ti san owó fún ẹni tí ó bá mi wáṣẹ́ kí n tó kúrò nílé. Ìwé ìrìnnà mi wà nínú àpótí ọ̀gá tí ó ń darí wa, ó ní kí ó má baà sọnù ni. Àwa mẹ́jọ ni à ń sùn nínú yàrá kan, owó yàrá náà sì ń jáde lára owó wa lẹ́nìkọ̀ọ̀kan bí ẹni pé olúkúlùkù ni ó dá gba ilé.

Àwọn alábẹ̀wò wá lẹ́ẹ̀méjì. Wọ́n ní ìwé lọ́wọ́, wọ́n sì jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ọ̀gá ti kọ́ wa ní ohun tí a ó sọ, òun fúnra rẹ̀ sì ni ó ṣe ògbufọ̀ fún wa lọ́jọ́ kejì. Wọ́n bi mí bóyá inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Mo ní inú mi dùn. Wọ́n fa ìlà sí ibẹ̀, wọ́n sì lọ. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí ibi ìwakúta, kí ẹ rántí ìlà yẹn.

Ìyá àgbàlagbà kan tí ń fọ ilé níbẹ̀ ni ó gbà mí. Ó máa ń kí mi lójoojúmọ́, kò bèèrè nǹkan kan fún bí oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá kò sí nítòsí, ó wá bi mí bóyá ìwé mi wà lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ni. Lẹ́yìn tí mo ti dáhùn, ó sọ fún mi pé nọ́ńbà kan wà tí mo lè pè, ó ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin, òun yóò sì kọ ọ́ sí ti àwọn ọkùnrin. Ọ̀gá kì í bá wa wọ ibẹ̀.

Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n Olùtọ́jú-Ọgbà, ẹ máa kí àwọn ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìṣe yín, kí awakọ̀ má baà rí ohun tuntun nínú rẹ̀. Àwọn tí ń gé koríko lábẹ́ yín ni ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, wọ́n á rí ohun tí ìwé kankan kò ní rí. Ẹ kọ́ wọn ní àwọn àmì mọ́kànlá náà.

Ní ti pé kí a má tètè já ènìyàn sílẹ̀, mo gbà á fún ibi ìwakúta tí ó jìnnà. N kò gbà á fún ẹni tí ó di ìwé ìrìnnà ènìyàn mú ní ojúlé tí ẹ mọ̀.

Olókùúta fèsì:

Ẹ ṣeun, arákùnrin mi. Mo gbà pẹ̀lú yín, mo sì yẹ kí n ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí mo ń sọ kan ibi tí ẹni tí ń tà fún wa kò tíì mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, tí ó sì fẹ́ mọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é, ọwọ́ ọlọ́pàá ni ó yẹ kí ó wà.

Amòfin-Iṣẹ́ fèsì:

Èmi yóò fi kúkúrú dáhùn ìbéèrè kẹta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìmúnilẹ́rú òde òní ti ọdún 2015, ní abala 54, pa á láṣẹ fún ilé-iṣẹ́ tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 36 pọ́n-ún pé kí ó máa gbé àkọsílẹ̀ jáde lọ́dọọdún nípa ohun tí ó ń ṣe láti dènà rẹ̀. Ní Ọsirélíà, òfin ti ọdún 2018 fi tirẹ̀ sí mílíọ̀nù 100 dọ́là ilẹ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ yín kò sún mọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ńlá tí òfin dè ni ó ń fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí àwọn kéékèèké tí ń bá wọn ṣiṣẹ́. Òfin yẹn dá lórí kíkọ àkọsílẹ̀. Òfin tí ó de ìmúnilẹ́rú fúnra rẹ̀ kò wo bí ilé-iṣẹ́ ti tóbi tó.

Nípa àwọn tí ń kó òṣìṣẹ́ wá, ẹ wádìí bóyá orílẹ̀-èdè yín ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ oko àti kíkó ẹja ìkarahun jọ ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí omi òkun gbé ó kéré tán 21 òṣìṣẹ́ tí ó wá láti Ṣáínà lọ ní Morecambe Bay ní oṣù Kejì ọdún náà, níbi tí agbaṣẹ́ṣe kan ti kó wọn lọ ṣa ìkarahun ní òru. Ẹni tí ó bá lo agbaṣẹ́ṣe tí kò ní ìwé àṣẹ nínú àwọn iṣẹ́ tí òfin náà kàn ń ṣẹ̀ sófin pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọgbà ti ń ṣìnà ni pé gbígbin òdòdó fún títà lè wà lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ kí títọ́jú ọgbà inú ilé má sì sí níbẹ̀. Ẹ bèèrè, ẹ má dá a rò.

Nínú ìwé àdéhùn yín pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe tí ẹ bá tún lò, ẹ kọ ọ́ pé orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé owó olúkúlùkù yóò wọ àkáǹtì tí ó jẹ́ tirẹ̀, pé ìwé ìdánimọ̀ yóò wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, pé kò sí ẹni tí yóò gba owó ìwáṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, pé bí a bá rí i pé a ti gbà á, a ó dá a padà, àti pé kò lè gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe míràn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ibẹ̀ sì ni orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pòórá.

Fún oníbàárà yín, ẹ kọ ohun tí ẹ ti ṣe, ohun tí ẹ kò tíì ṣe, àti ọjọ́ tí ẹ ó ṣe é. Nígbà tí mo bá ka ìwé tí ó sọ pé kò sí ewu kankan níbikíbi, mo máa ń mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò tíì wò ó.

Olùtọ́jú-Ọgbà fèsì:

N kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo jókòó ní alẹ́ àná, mo ṣe ìṣirò tí Alábòójútó-Iṣẹ́ ní kí n ṣe. Lẹ́yìn tí mo ti yọ gbogbo ohun tí ó yẹ kí n yọ, tí mo sì lo iye wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ tèmi kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, ohun tí ó kù fún ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò tó ìdajì owó tí òfin là sílẹ̀. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni mo fọwọ́ sí iye yẹn. Mo rántí pé nígbà tí ó sọ ọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣe é ní ẹ̀dínwó fún mi.

Mo ti pe àwọn tí ó yẹ kí n pè láàárọ̀ yìí. Wọ́n gba gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀, wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí n máa ṣe títí wọn yóò fi tún pè mí. N kò ní sọ ju èyí lọ níbí.

Fún oníbàárà náà, mo ti kọ ọ́ pé títí di oṣù yìí, n kò mọ orúkọ àwọn tí agbaṣẹ́ṣe ń kó wá, n kò sì mọ ibi tí òkúta mi ti wá. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé iye tí ó ń san fún wa lórí títẹ́ òkúta yóò ní láti yí padà, nítorí n kò lè san owó tí ó tọ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ náà láti inú iye tí a fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fi í ránṣẹ́.

Mo fẹ́ tẹ nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ náà sórí bébà kí n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a máa ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́. Mo ti rí ẹni tí yóò bá mi kọ ọ́ ní èdè márùn-ún. Kí ni ó yẹ kí n kọ sókè nọ́ńbà náà? Ohun tí mo ní lọ́kàn ni: "Ṣé ẹrú ni ọ́ níbi iṣẹ́ rẹ? Pe nọ́ńbà yìí."

Mo-Ti-Débẹ̀-Rí fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "ẹrú" síbẹ̀. Ní gbogbo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin yẹn, n kò pe ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin tí ó jẹ gbèsè tí ó sì ń gbìyànjú láti san án ni mo ka ara mi sí. Bí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ yẹn lára ilẹ̀kùn, èmi ìbá rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ṣé ìwé ìrìnnà rẹ wà lọ́wọ́ rẹ? Ṣé owó iṣẹ́ rẹ ń dé ọwọ́ rẹ? Bí o bá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́la, ṣé o lè lọ?" Kí ẹ wá kọ nọ́ńbà náà sábẹ́ rẹ̀, gàdàgbà, kí ẹ sì fi kún un pé ọ̀fẹ́ ni bí ó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, àti pé ẹni tí yóò gbé fóònù gbọ́ èdè rẹ̀ tàbí yóò wá ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ẹ lẹ ìwé náà sí ibi tí ojú ẹni tí ó jókòó yóò ti bá a ṣe déédéé.

Kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà yẹn sórí bébà kéékèèké tí a lè ya kúrò, kí ó kéré tó ohun tí a lè fi sínú bàtà. Wọ́n máa ń wo àpò wa.